Kán-ún, ẹ̀wà, àti bakitéríà tó ń jẹ ewéko òkun

Ọmọ Okun ni wá, òkun sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gbéra ní Kabba, Isanlu tàbí Mopa láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ lè ti máa ṣú kó tó fojú kan omi iyọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti gbé ẹ̀wà kaná tí kò rọ̀, tó wá ju kán-ún díẹ̀ sí i, ti rí ìdajì ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nípa bí bakitéríà inú òkun ṣe ń jẹ ewéko òkun.

Ohun tó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀wà pọ̀, tó tún wà lára ilá àti ẹ̀gẹ́, ni pectin. Ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn ni. Kálísíọ̀mù ló máa ń so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì, ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń ṣagídí bí omi tí a fi sè é bá kún fún kálísíọ̀mù. Kán-ún, tó jẹ́ pé sódíọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ nínú rẹ̀, á lé kálísíọ̀mù kúrò, á fi sódíọ̀mù sí àyè rẹ̀, ìdè á sì tú. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ alginate lára ewéko òkun aláwọ̀ búráùn ń lo sódíọ̀mù kábónéètì yìí kan náà, fún ìdí kan náà. Alginate ni ìbátan pectin nínú òkun: òun náà jẹ́ ẹ̀wọ̀n ṣúgà oní-ásíìdì, òun náà ni kálísíọ̀mù ń dè pọ̀.

Ṣùgbọ́n títú ìdè yàtọ̀ sí gígé ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn tí kán-ún bá ti ṣe tirẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wọ̀n náà ṣì gùn. Ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ju bí ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, wọn kò lẹ́nu, wọn kò léyín, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ihò tí ẹ̀wọ̀n gígùn bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé sára wọn. Ìta ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń ṣini lọ́nà nìyí: wọ́n á ní bakitéríà ní ẹ́ńsáìmù kan (prótéènì tó ń gé nǹkan bí ọ̀bẹ) tó ń jẹ ewéko òkun. Kò sí ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo tó lè ṣe é. Iṣẹ́ ọ̀wọ́ ni, bíi gàrí. A kì í yan èyí tí a kò tíì jọ̀, a kì í jọ èyí tí a kò tíì fún, a kì í sì í fún èyí tí a kò tíì rìn. Níbi tí òṣìṣẹ́ kan bá ti sọnù nínú ọ̀wọ́ náà ni gbogbo iṣẹ́ á dúró sí.

Alginate: láti orí ẹ̀wọ̀n dé orí ṣúgà kan

Ewéko òkun pín sí mẹ́ta ní àwọ̀. Èyí tó jẹ́ búráùn ní alginate, fucoidan àti laminarin. Èyí tó pupa ní ágà, carrageenan tàbí porphyran. Aláwọ̀ ewé ní ulvan. Nínú ewéko búráùn gbígbẹ, alginate nìkan lè jẹ́ ìdá 10 sí 40 nínú 100. Òun ni a máa fi ṣàlàyé, nítorí ìgbésẹ̀ rẹ̀ hàn kedere jù.

Ṣúgà méjì ló wà nínú ẹ̀wọ̀n alginate: mannuronic, tí a ń pè ní M, àti guluronic, tí a ń pè ní G. Wọn kì í tò déédéé. Apá kan á jẹ́ M lásán, apá kan G lásán, apá mìíràn á da méjèèjì pọ̀. Apá G ló ń di kálísíọ̀mù mú jù: ẹ̀wọ̀n méjì á dojú kọra, kálísíọ̀mù á sì jókòó sáàárín wọn bí ẹyin ṣe ń jókòó nínú kíréètì. Ẹ́ńsáìmù tó mọ M gé lè má mọ G gé dáadáa. Nítorí náà, bakitéríà tó bá fẹ́ jẹ alginate tán kò lè gbọ́kàn lé ọ̀bẹ kan.

Zobellia galactanivorans, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lára ewéko òkun pupa ní Roscoff, nílẹ̀ Faransé, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ó ń tú ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ AlyA1 síta, èyí tó ń gé àárín ẹ̀wọ̀n, tó sì fẹ́ràn apá G. Ẹ́ńsáìmù yìí ní apá kan tí kò gé nǹkan kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di ẹ̀wọ̀n ṣúgà mú kí òkun má baà gbé ọ̀bẹ lọ. Lẹ́yìn tí AlyA1 bá ti gé ẹ̀wọ̀n gígùn sí kéékèèké, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn á gba iṣẹ́, wọ́n á máa ge ṣúgà kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun. Ṣúgà tó jábọ́ yìí á yí padà fúnra rẹ̀ di ohun tí a ń pè ní DEH. Ẹ́ńsáìmù kan á sọ DEH di KDG, òmíràn á lẹ fọ́sífétì mọ́ ọn, òmíràn á là á sí ègé kékeré méjì: pyruvate àti G3P. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà di agbára náà ni, kò sí ohun àjèjì mọ́.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀bẹ alginate ṣe ń gé. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà máa ń lo omi: wọ́n á ki omi bọ àárín ìsopọ̀, ìsopọ̀ á já. Ti alginate kò lo omi. Ó ń fa ìsopọ̀ náà ya, ó sì ń fi àmì sílẹ̀ ní ojú ọgbẹ́, ìyẹn ìdè oníbejì láàárín kábọ̀nù kẹrin àti ìkarùn-ún. Àmì yìí ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní nǹkan bí 235 nm. Bí ẹ bá ní sípẹ́kítírófótómítà (ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀) tó dé ibẹ̀, ẹ lè máa wo ẹ̀wọ̀n tó ń já níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú: alginate ìdá 0.2 nínú 100, nínú Tris (omi tó ń mú pH dúró) 50 mM tí pH rẹ̀ wà láàárín 7.5 sí 8, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífi ife gíláàsì tàbí ti pílásítíìkì wọ̀n ọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn ń dí ìmọ́lẹ̀ 235 lọ́wọ́, nọ́ńbà tó máa jáde á sì jẹ́ irọ́. Quartz ni kí ẹ lò. Omi ọbẹ̀ tí a fi hu bakitéríà náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ fọ ẹ́ńsáìmù mọ́, tàbí kí ẹ ní ife kan tí a ti se ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ kú, láti fi ṣe òdiwọ̀n.

Ta ló ń jẹ ohun tí a gé síta?

Oúnjẹ tí a gé síta gbangba kì í ṣe ti ẹni tó gé e nìkan. Omi ń ṣàn, bakitéríà tí kò ní ọ̀bẹ kankan sì wà nítòsí, wọ́n ń dúró de èérún. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ bakitéríà nínú ẹbí Bacteroidota gbà yanjú èyí wú wa lórí ju ohunkóhun lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo jíìnì tó jẹ mọ́ ẹ̀wọ̀n ṣúgà kan ni wọ́n kó sójú kan, tó fi jẹ́ pé ìgbà kan náà ni wọ́n máa ń tàn. Lára awọ òde wọn, prótéènì méjì ń ṣiṣẹ́ bí ìkòkò àti ọmọrí. Ọmọrí ni SusD: ó á ṣí, á he èyí tí a ti gé dé ìwọ̀n, á sì dé. Ìkòkò ni SusC, tí ìdí rẹ̀ lu sínú àlàfo tó wà láàárín awọ méjì bakitéríà náà. Inú àlàfo yẹn ni wọ́n ti máa ń parí gígé, níbi tí aládùúgbò kò ti lè nawọ́ bu níbẹ̀.

Àwọn kan lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí èérún kan bọ́: ìwọ̀nba tó máa gba ẹnu ìkòkò ni wọ́n ń gé síta. Àwọn onímọ̀ fi èyí hàn nípa lílẹ àwọ̀ tó ń tàn mọ́ ẹ̀wọ̀n ṣúgà. Àwọ̀ náà wọ inú bakitéríà lọ, kò tú ká sínú omi.

Laminarin ló rọrùn jù láti jẹ. Glucose ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò ní kálísíọ̀mù, kò ní sulfate. Òun ni oúnjẹ ìpamọ́ ewéko búráùn àti ti diatom, àwọn ewéko àìfojúrí tó kún ojú òkun. Nígbà tí diatom hù yanturu ní Òkun Àríwá nítòsí Helgoland, ní Jámánì, lọ́dún 2009, bí wọ́n ṣe ń kú ni oríṣi bakitéríà kan ń gbapò lọ́wọ́ òmíràn, tí ẹ́ńsáìmù tó wà nínú omi sì ń yí padà tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ ọ̀wọ́ náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà.

Fucoidan ni òdìkejì laminarin. Sulfate lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, fucoidan inú ewéko kan kò sì jọ ti èkejì. Sulfatase tó ń yọ sulfate ní igun kan kò mọ èyí tó wà ní igun kejì. Lentimonas, bakitéríà inú òkun tó mọ̀ ọ́n jẹ, ń lo nǹkan bí 100 ẹ́ńsáìmù fún fucoidan kan. Ta ni á kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn? Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, ìdí nìyí tí fucoidan fi ń pẹ́ nínú omi lẹ́yìn tí laminarin bá ti tán. Sulfatase tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ojú rẹ̀ kì í mú lọ́jọ́ tí a bí i. Ẹ́ńsáìmù mìíràn gbọ́dọ̀ yí cysteine tàbí serine kan (ásíìdì amínò ni wọ́n) nínú rẹ̀ padà kó tó lè gé nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé jíìnì sulfatase sínú E. coli, bakitéríà tí wọ́n ń lò ní láàbù, láìwo ti ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ yìí lè rí prótéènì tó pọ̀ rẹpẹtẹ tí kò ṣiṣẹ́ kankan.

A ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àgbẹ̀ wa níbí. Láti 2011 ni òkìtì sargassum, ewéko òkun búráùn kan, ti ń gúnlẹ̀ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí bakitéríà bá ti lo afẹ́fẹ́ inú òkìtì náà tán, àwọn tó ń mí sulfate á gbapò, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ á sì gba ibẹ̀ kan. Sargassum máa ń kó arsenic, tó jẹ́ májèlé, mọ́ra, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e dé Kabba pé oúnjẹ ewúrẹ́ ni, ẹ má gbà á.

Bí ẹ ṣe lè rí i fúnra yín láìdé òkun

Ágà ni ọ̀nà. Lára ewéko òkun pupa, Gelidium àti Gracilaria, ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Láti 1881, tí Fanny Hesse ti dámọ̀ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ láàbù ní Jámánì, ni a ti ń hu bakitéríà lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ bakitéríà kò lè jẹ ẹ́. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 85°C, ó sì ń dì láàárín 32 sí 40. Àwọn tó lè jẹ ẹ́ pọ̀ nínú òkun, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú: Streptomyces coelicolor, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ní ẹ́ńsáìmù ágà kan tí wọ́n ń pè ní DagA. Nítorí náà, ilẹ̀ etídò Oyi tó fún wa láti fi bẹ̀rẹ̀.

Fún lítà kan: ammonium sulphate gíráàmù 1, magnesium sulphate 0.5, calcium chloride 0.1, iron sulphate 0.01, yeast extract 0.1, ágà 15, nínú omi mílílítà 950. Nínú ìgò kejì, K₂HPO₄ (fọ́sífétì) gíráàmù 1 nínú omi mílílítà 50. Ẹ má ṣe se méjèèjì pọ̀: fọ́sífétì àti kálísíọ̀mù á di ẹfun funfun, àwo á sì ṣú. Ẹ ṣí ìdérí ìgò díẹ̀, ẹ jẹ́ kí oru ti afẹ́fẹ́ jáde nínú ìkòkò pressure fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 15 ní 121°C. Bí wọ́n bá tutù dé 55°C, ẹ da wọ́n pọ̀. pH tó dára jẹ́ 7 sí 7.5. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ sí 5.5 kí ẹ tó sè é, ásíìdì àti ooru á gé ágà náà, kò sì ní dì dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń dá ágà lẹ́bi pé ayédèrú ni, nígbà tó jẹ́ pé pH ni wọn kò wò.

Kò sí ṣúgà nínú ìlànà yìí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí iyán wà níwájú rẹ̀ kì í lọ wa iṣu. Bí glucose bá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ní tan jíìnì ọ̀bẹ wọn.

Mílílítà 20 sí 25 ni à ń dà sínú àwo Petri kan, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ ẹ da 30, nítorí ọyẹ́ á gbẹ àwo kó tó di ọjọ́ keje. Ẹ fi nylon wé wọn, ẹ dojú wọn délẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ gíráàmù 1 mọ́ mílílítà 9 omi iyọ̀ tí a ti sè (ìdá 0.85 nínú 100), ẹ máa bu mílílítà 1 sínú mílílítà 9 tuntun títí dé ìgbà karùn-ún. Ẹ fi mílílítà 0.1 láti inú ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ra ojú àwo. 25 sí 28°C, ọjọ́ 3 sí 10. Ní oṣù kẹta, tí ooru ọ̀sán ti ga jù lọ́dọ̀ wa, kúlà tí ìgò omi tútù wà nínú rẹ̀ sàn ju tábìlì láàbù lọ, pàápàá bí iná kò bá dúró.

Ẹ máa wo ojú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ ágà á rì sínú kòtò tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn kan á sọ ágà di omi pátápátá. Ẹ mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sórí àwo tuntun *kí ẹ tó* da iodine sí i, nítorí iodine á pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ da iodine sí i: iodine gíráàmù 1, potassium iodide gíráàmù 2, omi mílílítà 300. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù. Ibi tí ágà wà á pọ́n bí ilẹ̀ búráùn, ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́ á mọ́ tàbí kó funfun bí ìyeyè tó ṣá. Àwọ̀ náà kì í pẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá.

Kì í ṣe gbogbo kòtò ló jẹ́ òtítọ́. Ágà tó ń gbẹ máa ń jìn láàárín. Wáyà tó gbóná jù máa ń yọ́ ọ. Ìdánwò tó dájú ni ti omi ẹ́ńsáìmù. Ẹ hu bakitéríà náà nínú omi ìlànà yìí kan náà, pẹ̀lú ágà gíráàmù 2 péré fún lítà, kí ẹ máa mì í fún ọjọ́ 3. Ẹ yí i nínú centrifuge, ẹ mú omi orí rẹ̀. Ẹ lu ihò mìlímítà 6 sójú àwo ágà, ẹ kán mílílítà 0.05 sí ihò kan; omi kan náà tí a ti sè fún ìṣẹ́jú 10 ni kí ẹ kán sí ihò kejì. Ní ọjọ́ kejì, ẹ da iodine sí i. Bí àyíká ihò méjèèjì bá mọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Bí kò bá sí èyí tó mọ́, ẹ má tíì sọ bakitéríà náà nù: ó lè jẹ́ pé ara awọ rẹ̀ ni ọ̀bẹ rẹ̀ lẹ̀ mọ́, kò tú u síta.

Àwọn tó ní Benedict nìkan, omi aláwọ̀ búlúù tí a fi ń dá ṣúgà mọ̀, lè lò ó pẹ̀lú. Ibi tí ẹ́ńsáìmù bá ti gé ágà, galactose kan ló sábà máa ń jókòó sí ìpẹ̀kun tuntun, Benedict sì ń rí ìpẹ̀kun yẹn. Ìwọ̀n kan náà ti omi ẹ́ńsáìmù tó ti bá ágà sùn àti ti Benedict, nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 5. Àwọ̀ ewé tàbí ọsàn ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, kì í fìgbà gbogbo dé pupa bíríkì.

Gígé yẹn kò tíì jẹ́ jíjẹ tán. Ìdajì ágà jẹ́ galactose, tí ọ̀pọ̀ bakitéríà mọ̀ ọ́n lò. Ìdajì kejì jẹ́ anhydrogalactose, tó nílò ẹ́ńsáìmù tirẹ̀. Bakitéríà tó gbẹ́ kòtò ńlá tí kò sì hù dáadáa lè jẹ́ ẹni tó ń ju ìdajì oúnjẹ rẹ̀ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé omi òkun tàbí sargassum wá láti etíkun, kí ó bu omi òkun kún ìdajì ìgò péré kí afẹ́fẹ́ lè wà, kí ó fi ìwé ìròyìn wé e kó má baà kan yìnyín inú kúlà, kí ó sì fi ra àwo láàárín wákàtí 24. Omi lásán kọ́ ni kó fi pò ó, ọ̀pọ̀ bakitéríà òkun á bẹ́ nínú rẹ̀. Fún lítà kan, iyọ̀ gíráàmù 24.7, magnesium sulphate 6.3, magnesium chloride 4.6, calcium chloride 0.7, potassium chloride 0.7. Iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan kò tó, magnẹ́síọ̀mù ṣe pàtàkì fún wọn.

Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn àwo tí ẹ kò da iodine sí gbọ́dọ̀ padà sínú ìkòkò pressure fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó dé ààtàn. Ẹ fi àwọn tí ẹ fẹ́ tọ́jú sínú ìgò kékeré pẹ̀lú glycerol ìdá 20 nínú 100, nínú fírísà. Níbi tí iná kò bá ti dúró, ẹ hù wọ́n sórí ágà dídagẹ̀rẹ̀ nínú ìgò, ẹ da òróró paraffin tí a ti sè bò ó, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì máa gbé wọn sórí ágà tuntun ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.